Ṣé Ohùn Ọ̀fọ̀ àti Gìtá Oníná Lè Bá Ìgbàgbọ́ Kristẹni Mu?

Ọmọ Onígìtá: Ẹ jọ̀wọ́, orin kan wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ìyẹn "Requiem" ti Virgin Black, ẹgbẹ́ olórin gothic symphonic metal (orin gìtá oníná líle tó kún fún ọ̀fọ̀, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ti orkẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn olóhun-èlò orin) láti ìlú Adelaide ní Ọsirélíà. Orin ìsìn òkú ni à ń pè ní requiem. Apá mẹ́ta ni iṣẹ́ náà. Apá àárín ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2007, apá kẹta tẹ̀ lé e ní 2008, apá kìíní kò sì jáde títí di 2018. Apá àárín ni mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ Látìnì ti ìsìn òkú àwọn Kátólíìkì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tí Adelaide Symphony Orchestra ń gbè é lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, tí obìnrin kan sì ń fi ohùn òkè kọrin, kí gìtá oníná tó já wọlé bí ìgbà tí òrùlé bá wó. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò pa á. Lójú tèmi, ó sún mọ́ ìwé Ẹkún Jeremáyà ju ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ lọ.

Ìyá Dúró: Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ parí kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí kò yẹ kí ènìyàn dájọ́ ohun tí kò gbọ́. Látìnì yẹn kò dùn mí rárá. Bíbú ramúramù yẹn ni mo kọ̀. Pọ́ọ̀lù béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ohùn ìpè kò bá dájú, ta ni yóò múra ogun? Bí etí kò bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ni yóò gbé ọkàn ró níbẹ̀?

Olùkọ́ Orin: Mo bá yín gbà lórí ọ̀rọ̀ tí kò yé ni, Mà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí á ka ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Verdi, ará Ítálì tó ń kọ orin tíátà, gbé "Requiem" tirẹ̀ jáde ní Milan ní 1874, ìlù ńlá tí ó fi sí orin ọjọ́ ìbínú ń mi ilé tìtì, Hans von Bülow, olùdarí orin ará Jámánì, sì sọ pé orin tíátà tí ó wọ aṣọ àlùfáà ni. Lónìí, ta ló tún ń bá Verdi jà? Nílẹ̀ wa ńkọ́, ṣebí àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ kò fẹ́ rí ìlù wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ olórin metal kan, Saviour Machine láti Kalifóníà, sì wà níbẹ̀, tí Eric Clayton, akọrin wọn, máa ń kun ojú rẹ̀ ní funfun kọrin: inú ìwé Ìfihàn ni wọ́n ti fa àwọn àwo "Legend" wọn yọ, èyí tó jáde ní 1997, 1998 àti 2001. Bí a bá fi orin aláriyá gbé ẹranko olórí méje kalẹ̀, irọ́ ni a pa mọ́ Jòhánù.

Aṣọ́bodè: Ẹ jọ̀ọ́ Olùkọ́, àpẹẹrẹ ìlù yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ. Ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ mọ ẹni tó ń kì. Akọrin Verdi náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yé ni. Kí ni ẹni tó ń bú ramúramù ń sọ?

Ọmọ Onígìtá: Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbọ́ HB, ẹgbẹ́ olórin metal ti ilẹ̀ Finland. Ohùn Johanna Aaltonen tó kọrin fún wọn mọ́ gaara, ì báà jẹ́ èdè Finland ni ó fi kọrin tàbí Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì fi orúkọ Jésù pa mọ́ rárá. Ní ilẹ̀ kan náà, láti 2006 ni àwọn Lutheran ti ń ṣe ìsìn tí wọ́n ń pè ní Metallimessu, níbi tí wọ́n ti ń fi gìtá oníná kọ orin inú ìwé orin ìjọ wọn, tí gbogbo ìjọ sì ń gbè é.

Ìyá Dúró: Mo ti gbọ́ HB yẹn. Ọmọbìnrin náà kọrin dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílù rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn mí. Bí wọ́n bá ṣe é ní gbọ̀ngàn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ pé jọ sí, n kò ní bínú. Ti Virgin Black ni n kò tíì gbé kúrò lọ́kàn. Ṣé ariwo wà nínú apá kìíní yẹn náà?

Olùkọ́ Orin: Kò sí, Mà. Orkẹ́sítírà àti ẹgbẹ́ akọrin nìkan ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, "Pianissimo", fi hàn pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a óò kọ ọ́. Bí a bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ara wọn, ẹkún tí ẹni náà fi ọwọ́ bo ẹnu sun ní apá kìíní ni ó di igbe ní apá kẹta.

Aṣọ́bodè: Kí ló dé tí wọ́n fi mú wa dúró fún ọdún 11 kí á tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹni tó gba igbe mọ́ni lójijì kò lè bínú bí a bá sá.

Ìyá Dúró: Òótọ́ ni. Èmi yóò gbọ́ apá kìíní náà lálẹ́ òní. Apá kẹta yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún Ọmọ Onígìtá.