Irọ́ Ni Pé Òǹwòran Lásán Ni Àwa Yorùbá Nínú Eré Ìdárayá

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Mọ́lété, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún ọ̀rọ̀ kan sọ tí mo ti gbọ́ gbọ́ títí ó fi sú mi: pé apá Ìlà-Oòrùn àti agbègbè Niger Delta nìkan ni Ọlọ́run fi eléré ìdárayá jíǹkí ní Nàìjíríà, pé àwa Yorùbá mọ ìwé, a mọ òṣèlú, a sì mọ fàájì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti orí pápá, òǹwòran tó ń pàtẹ́wọ́ ni wá. Àwọn tó jókòó ń mi orí pé òótọ́ ni. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọmọ Ìbàdàn ni ẹni tó ń sọ ọ́, ibi tó sì ti ń sọ ọ́ kò jìnnà rárá sí pápá ìṣeré Liberty. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sí àríyànjiyàn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà kò ti Enugu wá, kò ti Benin wá, kò sì ti Èkó wá. Ìbàdàn ló ti wá. IICC Shooting Stars ni, ní ọdún 1976, nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, àwọn gan-an ló sì gba ife náà ní 1975. Roger Milla ń bẹ nínú wọn. Góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan ni a fi nà wọ́n nílé, nígbà tí a sì dé Yaoundé, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí san padà. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Bàbá mi gbé rédíò sójú fèrèsé, ó fa irin orí rẹ̀ gùn síta, àwọn ará àdúgbò sì dúró sí ojúde wa láìsọ̀rọ̀. Nígbàkígbà tí ohùn rédíò bá ti ń hó, bàbá mi á gbá a ní ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi já geere. Nígbà tí eré parí, ìyá alákàrà àdúgbò wa pín èyí tó kù lórí àtẹ rẹ̀ fún gbogbo àwa ọmọdé, kò gba kọ́bọ̀. (Rangers ti Enugu ló gba ife yẹn lọ́dún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹnáritì lé wa jáde ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n àwa la kọ́kọ́ dé ibẹ̀.)

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí tó yẹ kó ti pa ẹnu àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ tipẹ́tipẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè ní Èkó, Green Eagles na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo, Nàìjíríà sì gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wo fọ́tò ọjọ́ náà yóò rí Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Rangers, tó gbé ife sókè, ọkàn rẹ̀ yóò sì lọ sí Enugu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kí Chukwu, akíkanjú ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbá góòlù wọlé? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Lawal gbá ìkẹta. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Èyí já sí pé kò sí góòlù kankan tí Nàìjíríà gbá wọlé ní àṣekágbá yẹn tí kò ti ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn jáde. Múdà Lawal yìí kan náà ló bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà márùn-ún léraléra, láti 1976 títí di 1984. Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn ẹni ńlá, ẹ gbọ́ bóyá ẹ óò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku Rashidi Yekini, tí gbogbo ayé mọ̀, tí àwọn tó ń ka eléré sí agbègbè sì máa ń fò kọjá nítorí pé ó da ìṣirò wọn rú. Kaduna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Irá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn òbí rẹ̀. Ìbàdàn ló wá ní ọdún 1982 láti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ó wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí a bá Zamalek ti Íjíbítì pàdé ní àṣekágbá ife àwọn akọni ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, lẹ́yìn èyí ló lọ sí Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta kí ó tó kọjá sí Abidjan, kí ó sì tó dé ilẹ̀ Pọtogí, níbi tí ó ti fi góòlù 21 di ẹni tó gbá góòlù jù lọ ní líìgì wọn ní sáà 1993 sí 1994. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní Áfíríkà, ní 1993. Òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé, ní Dallas ní 1994, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún. Góòlù 37 ló gbá fún orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ló padà wá gbé kí ó tó kú ní 2012. Ẹ sọ fún mi, apá Ìlà-Oòrùn wo la fẹ́ gbé ọkùnrin yìí lọ?

Mutiu Adépọ̀jù tiẹ̀ ni wọ́n bí ní Ìbàdàn níbí gan-an, òun ló sì fi orí kan góòlù àkọ́kọ́ wọ ilé Spéènì ní Nantes ní 1998, lọ́jọ́ tí a na wọ́n ní mẹ́ta sí méjì.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, èmi kò ní pẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà, Nojim Máyẹ̀gún ọmọ Èkó ló fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbà á ní Tokyo ní 1964. Hakeem Ọlájùwọ́n tó bá Houston Rockets gba ife NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ní 1994 àti 1995, ọmọ Èkó ni. Fálílátù Ògúnkọ̀yà gba idẹ nínú eré mítà 400 ní Atlanta ní 1996 pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Tóbi Amúsàn, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré mítà 100 onífífo-igi ní oṣù Keje ọdún 2022, kò sì sí obìnrin kankan láyé tó ti yára tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Èmi kò sọ pé àwọn ará ibòmíràn kò mọ nǹkan kan. Chioma Ajunwa, Kanu, Okocha, ta ni yóò jiyàn wọn? Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Amaigbo, kò sí ibi tó ti ja ìjà ìgbádé-ayé rẹ̀ tó dùn mọ́ àwọn ará ilé tó ti Ìbàdàn, ní Liberty, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Gene Fullmer kò lè jáde mọ́ lẹ́yìn ìpele keje. Àwọn ará Ìbàdàn ló kún pápá yẹn tí wọ́n ń hó fún un.

Ní ti ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò, pé àmàlà kì í jẹ́ kí ara fúyẹ́, èmi kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ti ìwé nìkan, pé òbí Yorùbá kì í jẹ́ kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ló jọ òótọ́ díẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì tí bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù mi, tó fi ọ̀rá wé e, nítorí pé bí bàbá rẹ̀ bá rí i nílé, ìnà ni. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́gbàmí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Pólì Ìbàdàn ló ti kàwé gba ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun kan ṣoṣo tí n óò gbà fún wọn ni ti líìgì. Láti 2001 títí di 2024, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan tó gba ife líìgì Nàìjíríà, nígbà tí Enyimba ti Aba ń kó o bí ẹni ń ṣa ọsàn. Ẹ̀bùn kọ́ ló tán; owó ló tán. Leventis United ti Ìbàdàn tó gba líìgì ní 1986, àti Abíọ́lá Babes tó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1985 àti 1987, ilé iṣẹ́ àti olówó ló ń bọ́ wọn, wọ́n sì ti wọ ìtàn lọ. Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí olówó kan tún dá sílẹ̀ tó sì ń fi sùúrù bọ́, gba líìgì náà padà sí ìwọ̀-oòrùn. Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí Mọ́lété. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá fẹ́, kí ó wọ mọ́tò, kí ó lọ wò wọ́n.