Ẹ Béèrè Rísíìtì Kí Ẹ Tó Béèrè Họ́ọ̀sìpáwà

Èrò ọkàn mi nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́ fún gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ sì ti wà lára Mustang, Camaro tàbí Challenger àlòkù tí wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kọjá bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́. Ní tòótọ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ Ford tàbí Chevrolet nìkan mọ́. Ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ rí ti tú u palẹ̀, ó ti yọ ohun tó wù ú, ó ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó sì ti tún un tò ní gáréèjì ilé rẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni ẹ fẹ́ fi owó yín rà. Bí iṣẹ́ náà bá dára, ayọ̀ tí ọkọ̀ náà yóò fún yín kò ní kékeré. Bí kò bá dára, ẹ ó san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Houston ni mo ń gbé, Mustang ọdún 1990 tó ní supercharger (ẹ̀rọ tó ń fi kún afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì) ni mo sì ń wà. Ọ̀kan lára ìran tí àwọn olólùfẹ́ Mustang ń pè ní Fox body ni, èyí tí Ford ṣe láti ọdún 1979 títí di ọdún 1993. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò yé béèrè ìdí tí mo fi kówó lé ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìdáhùn mi ni pé mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn ìró rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn yẹn kò lè mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń náwó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1964 ni Pontiac, ẹ̀ka kan lára General Motors, gbé GTO jáde, tí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ńlá tó jẹ́ 389 cubic inch sínú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin General Motors fúnra rẹ̀ kò fàyè gba ẹ́ńjìnnì tó tó bẹ́ẹ̀ nínú irú ọkọ̀ yẹn. Àwọn tó ṣe é, tí ẹnjiníà John DeLorean wà lára wọn, kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àfikún tí oníbàárà lè yàn lórí Tempest, ọkọ̀ Pontiac mìíràn, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Detroit fi ń bá ara wọn díje. Lẹ́yìn náà ni owó adójútòfò gòkè, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970 dé, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì dáwọ́ epo dúró ní ọdún 1973. Agbára bá tán lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Mustang ọdún 1974 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ní V8 rárá. Ọdún 1982 ni Mustang GT padà dé pẹ̀lú họ́ọ̀sìpáwà 157, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1987, ó ti di 225. Láàárín àkókò yẹn ni Ford ń gbèrò láti fi ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé ka iṣẹ́ Mazda, tó jẹ́ táyà iwájú ló ń fà á, rọ́pò Mustang. Àwọn olólùfẹ́ Mustang kọ lẹ́tà ẹ̀hónú ránṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì títí Ford fi yí èrò padà, tí wọ́n sì fún ọkọ̀ tuntun náà ní orúkọ mìíràn, Probe. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn gidigidi, nítorí láìsí wọn, kò ní sí ohun tí à ń sọ lónìí.

Fox body fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, ohun èlò rẹ̀ sì wà káàkiri. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Láti ọdún 1989, gbogbo Mustang 5.0 (àwọn tí ẹ́ńjìnnì V8 wọn jẹ́ lítà márùn-ún) ló ní ohun kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ bó ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì fi ìwọ̀n yẹn pinnu epo tí yóò tú jáde, nítorí náà ó lè fara da àyípadà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kì í wọn afẹ́fẹ́. Wọ́n ń fojú díwọ̀n rẹ̀ láti inú àtẹ tí wọ́n ti kọ sínú kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá rí Mustang 5.0 ọdún 1987 tí wọ́n ti pààrọ̀ camshaft rẹ̀ (irin tó ń darí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì tó sì ń jáde), ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yí i sí irú ti 1989, nítorí bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà lè máa kú lójú títì nígbàkúùgbà tí ẹ bá dúró.

Iye họ́ọ̀sìpáwà ni àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ pariwo, ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, òun ni kò wúlò jù lọ fún ẹni tó ń rà. Supercharger kò ṣòro láti so mọ́ 5.0. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, á sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú sílíńdà. Iṣẹ́ gidi ni ti àwọn ohun tó yí i ká. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì tí Ford fi sínú ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń là sí méjì láti àárín bí agbára bá ti ń sún mọ́ họ́ọ̀sìpáwà 500, kò sì sí àtúnṣe kọ̀ǹpútà tó lè fún irin ní agbára tí kò ní. Jíà T-5 tó bá ọkọ̀ náà wá kò lè fara dà á pẹ́. Lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní torque box, níbi tí apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ara ọkọ̀. Páànù tí wọ́n jó pọ̀ lójú kọ̀ọ̀kan ni, ó sì máa ń ya bí agbára bá pọ̀ jù. Mo ti rí ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sókè, torque box rẹ̀ ti ya débi pé ìka lè wọ ibẹ̀.

Ti epo náà ṣe pàtàkì. Injector, ohun tó ń tú epo wọ ẹ́ńjìnnì, tí Ford fi sí i mọ níwọ̀n fún agbára tó bá ọkọ̀ náà wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó so supercharger mọ́ ọn láyé ọjọ́un kò pààrọ̀ wọn. Ṣe ni wọ́n fi kún agbára tí epo fi ń tì, kí injector kékeré lè máa tú púpọ̀ jáde. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ tí pọ́ǹpù epo bá rẹ̀, epo kò ní tó afẹ́fẹ́ mọ́, iná á máa ràn nínú sílíńdà ṣáájú àkókò rẹ̀, piston á sì fọ́. Mustang 5.0 yìí kò ní ohun tó lè gbọ́ ìró tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń dá kó sì kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà, bí àwọn ọkọ̀ òde òní ti ní. Awakọ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù lọ ni ti bíréèkì. Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ni Ford fi sẹ́yìn Mustang GT ọdún 1990, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló sì di táyà kọ̀ọ̀kan mú. Ẹni tó bá sọ agbára ọkọ̀ náà di ìlọ́po méjì, tí kò fọwọ́ kan bíréèkì, ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wéwu. Bí mo bá rí i pé ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe kọ́kọ́ pààrọ̀ bíréèkì kó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, mo ti mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ọkàn mi á sì balẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé rísíìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí mo ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó fáìlì kan fún mi tó ní ìwé búlọ́ọ̀kù tó nípọn ju ti Ford lọ, ìwé jíà, ìwé injector, àti bébà ẹ̀rọ dyno (èyí tó ń wọn agbára ọkọ̀) tó fi bí agbára àti epo ṣe rí hàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó tún sọ orúkọ ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà náà fún mi. Fáìlì yẹn ló mú mi san owó, kì í ṣe supercharger. Síbẹ̀, wáyà pọ́ǹpù epo tí mo bá níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń gbóná; mo yọ ọ́, mo fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Àní nínú iṣẹ́ rere, ẹ ó ṣì rí ibi tí ọwọ́ ti yá jù.

Ẹ dé ilé ẹni tó ń tà á kó tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ọ̀pọ̀ àìsàn pamọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó yọ pílọ́ọ̀gì, kó sì wo àwọ̀ wọn. Ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà (VIN): mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ láti ọdún 1981, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀, L sì ni ti 1990, ìkẹjọ ń sọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ ó mọ̀ bóyá sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n sọ di V8. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, pàápàá ní agbègbè wa, nítorí ìkún omi Harvey ti ọdún 2017 ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ní Houston, ẹrẹ̀ sì máa ń pẹ́ nínú kọ̀rọ̀. Bí olùtà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ ṣe èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Nípa owó, mo yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn olùtà kan máa ń ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n rà pọ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ dá a padà fún wọn. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbádùn tiwọn ni wọ́n fi owó yẹn rà, wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a má ra ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn láé. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe dáadáa ń gba ohun èlò olówó iyebíye àti ọ̀pọ̀ wákàtí iṣẹ́ ní ìdá díẹ̀ owó wọn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Òfin kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Texas ti fòpin sí àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti òwò, ọkọ̀ tó sì ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe àyẹ̀wò èéfín mọ́, àní ní Houston pàápàá. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tí yóò bá yín yẹ Mustang ọdún 1990 wò bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá ṣe é. Òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì ka yíyọ catalytic converter (ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù) kúrò lára ọkọ̀ ojú títì léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni California ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò láti ọdún 1976 síwájú. Ẹni tó ń ronú àtikó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ní ti adójútòfò, ẹ bá wọn fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ọkọ̀ náà tó, kí ẹ sì kọ gbogbo àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye Mustang àtijọ́ lásán ni wọ́n á san bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Mo ń fi epo octane 93 sí tèmi, mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ṣáájú àkókò, n kì í sì í gbé e jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó lè bá mi dá táyà ẹ̀yìn dúró bó bá ń yọ̀. Nígbà ooru Houston, ojú mi kì í kúrò lára ohun tó ń fi ìgbóná hàn bí a bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti pápá ìsáré tó wà ní Baytown pa ní ọdún 2022, ibẹ̀ ló sì súnmọ́ wa jù fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọkọ̀ rẹ̀ dé òpin láìpa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti wá sọ oríta àti márosẹ̀ di pápá, wọ́n ń yí táyà títí èéfín á fi bo ojú ọ̀nà nígbà tí ìyá ọlọ́mọ ń gbìyànjú láti kọjá. Mo lòdì sí i pátápátá, n kò sì ní dákẹ́ nítorí pé irú ọkọ̀ kan náà ni èmi àti wọn ń wà. Pápá ìsáré Texas Motorplex ṣì wà ní Ennis, nítòsí Dallas. Ó jìnnà sí Houston, epo tí à ń jó lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ ibẹ̀ ni mo ń gbé tèmi lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ kí a jọ lọ lè kọ̀wé sí mi.