Èsì wa sí oníbàárà tó ra Majesty: sídì yẹn kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi wà níbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní ẹ ra géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Majesty: The Fantasy Kingdom Sim fún ọmọkùnrin yín, pé kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó wà nílé, àfi ìgbà tí ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àbúrò yín. Ẹ ní ẹ kò bá ìwé ìlànà kankan nínú àpò. Èyí tó wá dùn yín jù ni pé àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ kò gbọ́ràn: ẹ tẹ jagunjagun, ẹ tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ, kò mira. Ẹ ní sídì tó ti bàjẹ́ ni mo gbé fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lórí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi mi. Mo kọ ọ́ síbi tí mo pàtẹ ọjà náà sí pé "ó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà". Kò yẹ kí n kọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2000 ni géèmù yìí jáde, ayé Windows 95 àti 98 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo fi ń yẹ ọjà wò ni mo fi dán an wò, ó ṣí wẹ́rẹ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí níbi gbogbo. Mo ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́ láàárọ̀ yìí. Ìwé ìlànà náà ńkọ́? Ọwọ́ mi ló wà. Páálí géèmù náà ti ya nígbà tí mo rà á níbi car boot, ọjà tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹrù àtijọ́ wọn láti inú ọkọ̀, mo wá fi sídì nìkan ránṣẹ́ kí owó ìfìwéránṣẹ́ lè fúyẹ́. Ká ní ìwé yẹn tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni, ẹ̀ bá ti rí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kà, inú kì bá tí bí yín tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ ogun tí kò gbọ́ràn, ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà nìyẹn. Nínú Majesty, ẹ̀yin ni ọba ilẹ̀ Ardania, ọba kì í sì í fọwọ́ ara rẹ̀ darí ọmọ ogun kankan. Ẹ lè kọ́ ilé, ẹ lè gba akọni síṣẹ́, ẹ lè fi owó ààfin pa idán láti ràn wọ́n lọ́wọ́ látòkèèrè, ṣùgbọ́n ibi tí akọni bá máa gbé ẹsẹ̀ sí, òun ló mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lọ pa ẹranko burúkú kan, ẹ ó gbé àsíá lé e lórí, ẹ ó fi owó sídìí àsíá náà. Àsíá kejì wà fún ibi tí ẹnìkan kò tíì dé, kí wọ́n lọ bá yín wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tí owó yẹn bá wọ̀ lójú á dìde. Ẹni tí kò bá wọ̀ lójú á jókòó sílé, ẹ kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọ̀ ọ́n ṣe o. Ilé iṣẹ́ Cyberlore Studios ti Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni. Àwọn kan náà ló ṣe Beyond the Dark Portal, àfikún géèmù ogun Warcraft II, ní 1996, níbi tí ọmọ ogun ti ń sáré lọ síbi tí a bá nàka sí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe ọmọ ogun agbọ́ràn. Nígbà tí wọ́n dé orí Majesty, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ wa ni, ìdí rẹ̀ gan-an sì nìyẹn tí mo fi ń wá géèmù yìí kiri tí mo fi ń tà á.

Lálẹ́ àná, mo gbé ẹ̀dà mìíràn tó wà lọ́wọ́ mi sórí ẹ̀rọ kí n má baà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Mo kọ́ ilé ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun, mo kọ́ ti ọdẹ, mo kọ́ ti jàgùdà. Mo gbé àsíá lé ihò kan tí ẹranko ń jáde látinú rẹ̀, mo fi 100 góòlù sí i. Jagunjagun kan jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ àsíá náà kọjá, ó yà sọ́jà lọ ra òògùn. Ọdẹ kan ti wọ igbó lọ ní tirẹ̀, torí ìrìn ló wà lọ́kàn ọdẹ. Mo sún owó náà sí 300. Bí mo ṣe sún un báyìí, jàgùdà kan tó ti ń lọ síbòmíràn yí padà lójú ọ̀nà! Ó dé ibẹ̀, nǹkan hà á lára lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Jagunjagun tó lọ ra òògùn yẹn ló padà wá jà á parí.

Ẹ wá wo ibi tí owó náà gbà. Akọni náà gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ra idà tó dáa ju tàtijọ́ lọ. Ó padà sílé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó san ìpín owó orí síbẹ̀. Láìpẹ́, agbowó-orí kékeré yẹn, tòun tàpò lẹ́yìn, ń ti ilé dé ilé, ó kó ìpín wá sí ààfin. Owó tí mo ná lórí àsíá ń rọra padà sọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó mọ̀ pé ọjà àti ilé alágbẹ̀dẹ ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ jagunjagun lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹranko bá pa agbowó-orí yẹn lójú ọ̀nà, owó ọwọ́ rẹ̀ ṣòfò nìyẹn.

Ẹ tún ní ilé tí ẹ kò kọ́ ń hù nínú ìlú, eku sì ń jáde látinú ilẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn ará ìlú ló ń kọ́ ilé tiwọn. Bí ìlú bá ṣe ń gbòòrò, kòtò ẹ̀gbin á yọjú, eku á máa tibẹ̀ jáde. Tí akọni bá sì ń kú, itẹ́ òkú á hù, òkú á máa jí níbẹ̀. Ilé ẹ̀ṣọ́ ni kí ọmọ yín kọ́ sítòsí wọn.

Ẹ bá mi sọ fún un pé kò lè kọ́ gbogbo tẹ́ńpìlì pọ̀. Ẹni tó bá mú tẹ́ńpìlì òrìṣà Agrela tàbí Dauros ti kọ ti Krypta àti Fervus sílẹ̀, Helia àti Lunord kì í gbé ìlú kan náà, Krolm kò sì fẹ́ rí tẹ́ńpìlì mìíràn rárá. Kó má sì tètè sọ̀rètí nù lórí àwọn oṣó. Oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, eku lè pa á. Ṣùgbọ́n oṣó kan tí mo dáàbò bò láti kékeré, tí mo ń wo orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ló gba ìlú mi là níkẹyìn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bíi pé èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà.

Ní ti owó yín: £12 ni ẹ san. Tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dá sídì náà padà, màá dá gbogbo owó yín padà pẹ̀lú owó ìfìwéránṣẹ́ àlọ àtàbọ̀. Tó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tuntun ni ọmọ náà fẹ́ kó wà, ẹ̀dà tuntun tó ń jẹ́ Majesty Gold HD wà lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ Paradox ló gbé e jáde ní 2012, àfikún The Northern Expansion ti 2001 sì wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò kàn mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa bá ẹ̀rọ yín mu, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó.

Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ rí ni ẹ sọ. Bí ẹ dá sídì padà tàbí ẹ kò dá a padà, ìwé ìlànà náà di tiyín lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti fi ike wé e nítorí òjò, ọjọ́ Ajé ni mo máa fi ránṣẹ́. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé àsíá.