Irin tó nípọn kọ́ ló ń mú ṣásí lágbára

Kò sí wẹ́dà kan láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu awakọ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi lẹ irin tó nípọn dáadáa mọ́ ṣásí, kẹ́ ẹ jó o yíká, kó má tún sán mọ́." Ojú ọ̀nà kọnkéré tó wá láti Ọbájánà kì í sábà ṣe ṣásí, egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró, ní nǹkan. Ọ̀nà oko Yàgbà àti Ìjùmú ló ń pa á, níbi tí Hilux ti ń gbé iṣu àti kajú gba orí òkúta. Kí òjò ọdún kan tó lọ, ọkọ̀ tí wọ́n lẹ irin mọ́ á tún padà dé. Kò ní sán lábẹ́ irin náà, ibi tí irin náà parí sí gan-an ni yóò ti sán. Awakọ̀ á ní irin ọjọ́sí kò nípọn tó. Ó nípọn jù ni.

Wọ́n ṣe ṣásí kó lè máa tẹ̀ díẹ̀, kó sì máa lọ́ díẹ̀, nígbà tí táyà kan bá wọ kòtò tí èkejì wà lórí àpáta. Gbogbo gígùn rẹ̀ ló ń pín títẹ̀ yẹn láàárín ara. Ọ̀pọ̀ ṣásí pick-up kò nípọn ju mílímítà 3 tàbí 4 lọ. Tí ẹ bá jó irin mílímítà 10 mọ́ apá kan, apá yẹn ò ní tẹ̀ mọ́, títẹ̀ tirẹ̀ á kó jọ sí ìparí irin tí ẹ lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wẹ́dà ti jó o ní ìdábùú, ibẹ̀ náà ni iná ti yí ara ṣásí padà. Ẹ wo ìṣòro iná pàápàá: ámpù, ìyẹn agbára iná ẹ̀rọ ìjó, tí yóò yọ́ irin mílímítà 10 dáadáa á dá ihò sí ṣásí lára. Tí wọ́n bá sì dín in kù nítorí ṣásí, irin tó nípọn kò ní yọ́ rárá. Ẹ ó rí ojú ìjó tó dán, kò sì di nǹkan kan mú.

Ẹrù tún ni irin náà fúnra rẹ̀. Èyí tó nípọn ní mílímítà 10, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 8 fún mítà kan.

Gíga irin ló ń gbé ẹrù ju nínípọn rẹ̀ lọ. Ẹ bi káfíńtà tó ń kan òrùlé ìdí tó fi ń gbé pákó 2 by 4 nàró: bó ṣe nàró yẹn, ìlọ́po 2 ni gíga rẹ̀ fi ju ìgbà tó bá sùn lọ, ìlọ́po 4 ló sì fi ṣòro tẹ̀ jù ú lọ. Pákó kan náà ni.

Èyí tó burú jù ni ewé sípírìn àlòkù tí wọ́n fi ń ṣe irin ìlẹ̀mọ́. Wọ́n ní ó le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n carbon, èròjà tó ń mú irin le, tó wà nínú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá 0.6 nínú 100, ti irin pẹlẹbẹ ọjà kì í sì sábà ju 0.25 lọ. Tí wọ́n bá jó o láìkọ́kọ́ mú un gbóná, etí ojú ìjó á gan, á sì máa ṣẹ́. Wẹ́dà tó bá tún da omi sí i kó lè tètè tutù ti bà á jẹ́ tán. Líle yẹn kò tilẹ̀ dín títẹ̀ kù: kí irin tó tẹ̀ kọjá ibi tó ti lè padà, èyí tó le àti èyí tó rọ̀ ń tẹ̀ bákan náà lábẹ́ ẹrù kan náà.

Bó ṣe yẹ kí a ṣe é rèé. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ yọ orí bátìrì méjèèjì àti wáyà kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ẹ gbé táǹkì epo àti páìpù bíréèkì kúrò nítòsí. Ẹ fi jáàkì gbé ṣásí títí ojú tó sán á fi pa dé, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun iwájú kan sí igun ẹ̀yìn òdìkejì, lọ́nà méjèèjì. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju mílímítà 5 lọ yàtọ̀ síra, ẹ má tíì tan iná. Ẹ ha ọ̀dà kúrò, ẹ fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ bu ẹfun lílọ̀ sí i. Kẹrosíìnì tó ti wọnú á yọ sínú ẹfun, ẹ ó sì rí ibi tí ilà náà parí sí. Ó sábà máa ń gùn ju ohun tí ojú kọ́kọ́ rí lọ. Ẹ fi dírílì, kì í ṣe gáàsì, lu ihò mílímítà 6 síwájú orí ilà náà díẹ̀, kó má baà sáré lọ. Ẹ fọ kẹrosíìnì kúrò tónítóní, ẹ fi filing machine la ilà náà ní ẹnu V, ẹ jó o kó yọ́ dé ẹ̀yìn, ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ irin ìlẹ̀mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Kó má nípọn ju ṣásí lọ. Kó kọjá ibi tó sán lápá méjèèjì, ó kéré tán ìwọ̀n gíga ṣásí. Ẹ gé orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, ẹ jó o ní gígùn lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ dúró tó bá ku sẹ̀ǹtímítà 2 kó dé ṣóńṣó. Ihò mílímítà 16 mélòó kan láàárín rẹ̀, kí ẹ jó wọn dí, á dì í mú mọ́ra. Ẹ jó o ní sẹ̀ǹtímítà 4, 4, níhìn-ín lọ́hùn-ún, kó má baà lọ́. Ẹ má jó irin ìlẹ̀mọ́ mọ́ etí òkè tàbí etí ìsàlẹ̀ ṣásí ní ìdábùú, ẹ má sì lu ihò mìíràn sí àwọn etí yẹn.

Ọ̀pá ìjó (electrode) E6013 géèjì 12 ní ámpù 60 sí 90 tó fún irin mílímítà 3. E7018 dára jù ú tí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìjó tó jẹ́ inverter, ṣùgbọ́n tó bá ti gba ọ̀rinrin òjò, ẹ má lò ó.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣásí kọ́ ló jẹ̀bi. Wọ́n ti fi ewé kún sípírìn, ṣọ́ọ̀kì ti kú, àpò iṣu tún kọjá sẹ́yìn táyà: etí òkè ṣásí, lókè ásùlù ẹ̀yìn, ló ń fà ya. Kò sí àlẹ̀mọ́ tó lè gba ìyẹn sílẹ̀.

Ti ìpẹtà tún yàtọ̀. Ní ìlú tí yìnyín ti ń já ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Ní 2008, Toyota fúnra rẹ̀ sún gàráǹtì ìpẹtà ṣásí pick-up Tacoma 1995 sí 2000 dé ọdún 15. Irú tòkúnbọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ló ti ń jẹrà wá síta, irin tí ẹ bá sì lẹ̀ lé e lórí á sé omi mọ́ àárín. Ẹ fi òòlù kàn án. Tí screwdriver bá lè wọ̀ ọ́, ẹ gé ibẹ̀ sọnù dé ibi tí irin kò tíì jẹrà.

Lọ́rì agbégi kò sí nínú gbogbo èyí. Irin tí wọ́n fi iná mú le ní ilé iṣẹ́ ni ṣásí àwọn mìíràn nínú wọn, iná wẹ́dà sì ń sọ ibẹ̀ di rírọ̀. Bọ́ọ̀tì alágbára ni wọ́n fi ń di irin mọ́ ìhà tiwọn, nínú ihò tí dírílì lù.