Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, fóònù mi dún títí ó fi sú mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní ìlú Geneva, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ló ń kó àwòrán ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní íńtánáṣọ́nà, ń ṣe àjọ̀dún Ọjọ́ Èdè Abínibí, èyí tí àjọ UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ọmọ náà wọ aṣọ òfì tí èmi fúnra mi lọ rà ní Ìṣẹ́yìn tí mo sì fi ránṣẹ́, ó dé fìlà abetí-ajá, iyùn wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ẹbí ń kígbe pé ó dùn-ún wò bí ọmọ ọba, èmi náà sì bá wọn kígbe. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Wọ́n fún ọmọ ní gbohùngbohùn pé kí ó kí àwọn èèyàn ní èdè rẹ̀. Aago tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀sán ti pọ́n, aago mẹ́ta ti kọjá. Ọmọ wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Ó dá gbohùngbohùn padà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ Íńdíà tí ó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ títí tí olùkọ́ fi ń rọra na ọwọ́ pé kí ó gbé e wá.

Ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wa pé káàárọ̀ ni kí á máa kí ara wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èdè tí ó ní kíkí ọ̀tọ̀ fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ àti ẹni tí òjò pa, tí aláró pàápàá ní àrẹ̀dú tirẹ̀, ni ọmọ Yorùbá dúró lórí pèpéle láti ṣojú fún, tí kò sì rí ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ, èyí tí àkókò rẹ̀ sì ti kọjá.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú àpótí kò lè rí ohun tí yóò fi ṣe ara rẹ̀ lóge bí ó bá jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé òwe yìí ń wí ni aṣọ, wọn kò sì ṣe àṣìṣe, nítorí pé aṣọ wà lára ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì gba inú bàálù kọjá, wọ́n ní kí n san owó ẹrù, mo san án, ó dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èwo nínú àwọn tó ń gbé ẹrù wọ̀nyí ni yóò bá mi gbé èdè lọ sí Geneva?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi yìí ru ilé-ìwé. Ìlú tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ni Geneva. Ní ọdún 1924 ni wọ́n ti dá ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ League of Nations, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣáájú UN, àti ti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1968, ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti dá àjọ International Baccalaureate sílẹ̀, kí ọmọ tí iṣẹ́ òbí rẹ̀ ń gbé kiri lè ní ìwé-ẹ̀rí tí yunifásítì orílẹ̀-èdè rẹ̀ náà yóò gbà. Nínú ètò ìdánwò yẹn, bí ilé-ìwé kò bá tilẹ̀ ní olùkọ́ fún èdè abínibí ọmọ kan, wọ́n fàyè gbà á pé kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ka lítíréṣọ̀ èdè rẹ̀, kí ilé-ìwé máa bójú tó o, kí ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Àwọn òyìnbó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ta ni yóò wá bá ọmọ tí kò mọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ wọlé?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ àbúrò mi wọlé, wọ́n fún òun àti ìyàwó rẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tó béèrè èdè abínibí ọmọ. Yorùbá ni àbúrò mi kọ síbẹ̀, gàdàgbà. Ohun tó kọ yẹn ni olùkọ́ gbà gbọ́. Bí Ọjọ́ Èdè Abínibí ṣe ń súnmọ́lé, olùkọ́ kọ̀wé sí i pé kí ó jọ̀wọ́ wá pa àlọ́ kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó. Ó fèsì pé òun ní ìpàdé lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé ìpàdé wo, ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ dàgbà ní Ìbàdàn, tí a kì í lè gbé kúrò nídìí àlọ́ títí oorun yóò fi gbé e lọ, òun ni ojú ń tì láti sọ pé "Ààlọ́ o" níwájú àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ.

Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, ohun tí ojú mi rí ní oṣù Kejìlá tó kọjá ló fà á. Èmi àti Màmá wa, tí ó ti pé ẹni ọdún 78, lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Àkókò ọdún Escalade, tí àwọn ará Geneva fi ń rántí ogun kan, la bá níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ 11 mọ́júmọ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1602, àwọn ọmọ ogun Savoy, ilẹ̀ tó múlé ti Geneva nígbà náà, gbé àkàsọ̀ ti odi ìlú náà, wọ́n sì ń gun òkè bọ̀ nínú òkùnkùn. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà ń sọ ni pé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mère Royaume gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, ó dà á lé wọn lórí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ra ìkòkò tí wọ́n fi ṣokoléètì mọ, tí súìtì tó jọ kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ kún inú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù àti ẹni tó kéré jù nínú ilé ni yóò di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọn yóò jọ fọ́ ìkòkò náà.

Màmá ló dàgbà jù, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kéré jù. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú nínú ọwọ́ rẹ̀ tó ti hunjọ. Wọ́n jọ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n jọ lu ìkòkò, ó fọ́. Ọmọ pariwo ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀, pé báyìí ni àwọn ọ̀tá ìlú ṣègbé. Màmá ní, "Àkànní, kí lo wí?" Ọmọ ń ṣa súìtì. "Àkànní!" Kò dáhùn. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ yíjú sí bàbá rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta ni Àkànní. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó rọra gbé àfọ́kù ṣokoléètì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní òtútù ń mú òun, ó wọ yàrá lọ.

Oríkì tí ó fún ọmọ náà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Láti orí fóònù ni ó ti fún un, gbogbo wa ló gbọ́, bàbá rẹ̀ sì ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí ọmọ yìí kan náà fi jókòó tì mí, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ròyìn Mère Royaume fún mi, pé ọmọ mẹ́rìnlá ni ó bí. Ìtàn náà dùn lẹ́nu rẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo wá bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa Mọ́remí rí, tó jẹ́ kí àwọn tó ń fi imọ̀ bojú wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù mú òun lọ, tó rí àṣírí wọn, tó sá padà wá sọ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé wọn. Ó ní rárá. Ilé-ìwé ṣe ojúṣe tirẹ̀, ó fi ìtàn ìlú tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ọmọ. Ìtàn Ifẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ Geneva ni ìyẹn náà?

Ẹ̀yin òbí a máa sọ pé èdè méjì yóò da orí ọmọ rú. Ọmọ tí mò ń wí yìí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó ń sọ Faransé ní ìdajì ọjọ́ nílé-ìwé, wọ́n sì tún gba olùkọ́ kan tó ń wá kọ́ ọ ní èdè Ṣáínà lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún un. Orí rẹ̀ kò dàrú sí Ṣáínà, Yorùbá tí ìyá àgbà rẹ̀ yóò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni yóò wá da orí náà rú! Àwọn mìíràn a ní kí ohùn Yorùbá má baà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ọmọ. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ohun gbogbo lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fèsì ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò sì tíì yé béèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti Màmá lọ mú ọmọ ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé. Ìyá àgbà kan láti Íńdíà náà wá mú ọmọ-ọmọ tirẹ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lórí sàrí. Ó ń bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà ń dá a lóhùn, ó sì ń túmọ̀ ohun tí ìyá náà wí fún olùkọ́ tó dúró níbẹ̀, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Màmá wò wọ́n títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ tráàmù. Ó wá bi mí pé, "Kí ló dé tí ti ẹlòmíràn ń gbọ́?" N kò rí èsì fún un.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yẹn ni mo gbé padà wálé láti Geneva, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbà á. Àbúrò mi ń kọ́ ilé sí Ìbàdàn. Ó ti kan òrùlé. Ọdọọdún ló ń fi owó ránṣẹ́ tí èmi sì ń bá a ṣọ́ àwọn bíríkìlà. Ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ọmọ tí kò lè sọ fún awakọ̀ pé òun ń lọ sí Ọjà'ba ni? Bí a kò bá sí mọ́, agbẹjọ́rò ni yóò bá a ta ilé náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àyè kò sí. Ọdún méjì méjì ni àjọ tí àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ máa ń san owó bàálù fún òun, aya àti ọmọ láti wálé, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn di àjèjì nílé ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ni wọ́n fi ìsinmi ìgbà tó kọjá ṣe? Ọjọ́ mọ́kànlá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun ní Èkó, ọjọ́ méjì ní Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀fọn pọ̀ ní ilé Màmá.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ti jókòó jẹun alẹ́, kí bàbá má sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìyá má sọ ọ́, bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè omi, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn kí ẹ tó bu omi fún un. Ẹ fi oríkì jí i láàárọ̀, káàárọ̀ yẹn yóò wá bọ́ sí àkókò rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ pe Màmá, kí ẹ gbé fóònù fún ọmọ, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ má dúró tì wọ́n kí ẹ máa túmọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì wá ọ̀rọ̀ kiri títí wọn yóò fi rí i. Ìgbà tí ẹ bá tún gba ìsinmi, ilé Màmá ni kí ẹ sọ̀ sí, ẹ ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Olùkọ́ tó ní kí ẹ wá pa àlọ́, ẹ lọ pa á. Bí ojú bá ń tì yín níwájú ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ tó jẹ́ ará Japan tàbí ará Brazil, ìtìjú yín ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé, kì í ṣe èdè yín. Ẹni tó kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù tí kò sì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, irọ́ ni ó bu ọwọ́ lù, n kò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún àbúrò mi báyìí, nítorí èmi ni mo pọ̀n ọ́n.

Aṣọ òfì yẹn ti ń kéré sí ọmọ lára, ìyàwó àbúrò mi ti kọ ìwọ̀n tuntun ránṣẹ́ sí mi sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Mo ti rí i. N kò ní lọ sí Ìṣẹ́yìn, n kò sì ní san owó ẹrù, àfi bí ẹni tí yóò wọ aṣọ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí, tó sì tọrọ rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi hun ún.