Òtútù Ni Kí Á Kọ́kọ́ Múra Sílẹ̀ Fún Kí Á Tó Gun Òkè Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará mi tí a jọ ń gbé Àbújá, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi lórí ìrìn-àjò tí àwa mẹ́rìndínlógún ń gbèrò láti lọ sí orí òkè nítòsí Jọ́ọ̀sì nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ilé onípákó méjì ni a fẹ́ háyà fún òru mẹ́ta, ọmọdé mẹ́rin sì wà lára wa. Ìpàdé mẹ́ta ni a ti ṣe. A ti sọ̀rọ̀ nípa àsun, nípa aṣọ kan náà tí a óò fi ya fọ́tò, àti nípa ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ orin wá, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó béèrè bí àwọn ọmọ yóò ṣe sùn lóru. Lójú tèmi, òtútù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ètò wa lé lórí, kí oúnjẹ àti orin tó tẹ̀ lé e.

Ìlú Jọ́ọ̀sì fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní Àbújá kò tó 500 mítà. Bí ènìyàn bá sì ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, ó tó bíi dígírì 6.5 fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn òkè Shere tí ó wà ní ìlà-oòrùn ìlú náà tún ga ju ìlú lọ, nítorí pé ṣóńṣó wọn súnmọ́ 1,830 mítà. Bí ọyẹ́ bá wá dé, láti Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ a gbẹ, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a sì tètè fò lọ lóru, débi pé ẹni tí ó ń làágùn ní aago méjì ọ̀sán lè máa gbọ̀n ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bí àlàfo bá wà láàárín pákó kan sí èkejì, ibẹ̀ ni ọyẹ́ yóò gbà wọlé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹnì kan lọ wo àwọn ilé náà kí a tó san owó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ògiri, kí ó sì ka iye kúbùsù tí wọ́n ní.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni ohun tí ojú mi rí. Ní Oṣù Kìíní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní òru àkọ́kọ́, òtútù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú ba oorun. Ọ̀kan nínú wa bá gbé èédú tí a fi sun ẹran, tí ó ṣì ń jó nínú agbada rẹ̀, wọ inú yàrá. A ti fèrèsé, a sì fi táwẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Yàrá móoru lóòótọ́, a sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi dìde. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa ń bì níbi tí ó sùn sí. Ọlọ́dẹ ilé náà, bàbá àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ọmọ Berom, ni ó gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ó ti ilẹ̀kùn wọlé, tí ó sì fa wa síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi èdè Haúsá bá wa wí gidigidi, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí di òní ni mo máa ń gbàdúrà fún bàbá náà.

Gáàsì tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n mónósáìdì ni èédú máa ń tú jáde bí ó bá ń jó. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ń ta ènìyàn lójú bí èéfín igi ṣe ń ta á. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá lọ, tí yóò sì gba ibi tí ó yẹ kí ọ́síjìn wà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó rò pé òun ń mí dáadáa, ọ́síjìn kò tó ọpọlọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ti sùn kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú gáàsì yìí jáde, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e sí fàráńdà tàbí sí abẹ́ fèrèsé.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn bàbá wa dáná nínú ahéré, wọn kò sì kú. Èmi náà sùn ní ahéré ìyá mi àgbà ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rántí iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahéré yẹn ní àlàfo tí ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan láàárín ògiri àti òrùlé, koríko ni òrùlé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn tí ó dé dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Ilé tí a fẹ́ háyà yìí ní síìlì, ó ní fèrèsé onígíláàsì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì há mọ́ra. A kò lè fi ìwà inú ahéré gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ni yóò mú wa móoru. Kúbùsù méjì ni mo fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, àti fìlà abetí-ajá fún àwọn ọkùnrin, nítorí pé etí ni òtútù kọ́kọ́ ń mú. Kí a tẹ́ ẹní sábẹ́ fóòmù, kí òtútù ilẹ̀ má baà gba abẹ́ wá bá wa. Kí àwọn ọmọdé sùn sí àárín àgbàlagbà. Kí àwọn ìyá má gbàgbé òrí, nítorí pé ọyẹ́ ibẹ̀ a máa la ètè àti gìgísẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ní ti oúnjẹ, ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Níbi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, omi kì í gbóná tó 100 dígírì kí ó tó hó. Ní 1,200 mítà, nǹkan bíi 96 ni. Ẹ̀wà yóò pẹ́ lórí iná ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí náà kí àwọn tí yóò dáná rẹ ẹ́ mọ́jú, kí wọ́n sì gbé gáàsì tí ó tó dání.

Ọ̀nà Keffi àti Akwanga ni a óò gbà, tí a óò sì gun òkè Hawan Kibo kí a tó dé Riyom. Ọ̀nà náà ní kọ́nà púpọ̀, ọkọ̀ ńláńlá sì ń gbà á. Kí a ti gùn ún tán nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bóyá àlàáfíà wà lójú ọ̀nà kí a tó kúrò nílé.

Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni yóò yan ọjọ́, àárín Oṣù Kọkànlá ni n óò mú. Òjò ti lọ nígbà náà, eruku ọyẹ́ kò tíì bo òkè mọ́lẹ̀, koríko sì lè ṣì tutù. Ẹni tí ó bá dúró di Oṣù Kìíní lè gun òkè Shere dé òkè pátápátá kí ó má rí ju eruku funfun lọ. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé kò ní tíì gba ìsinmi, àwọn òbí sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Bí Oṣù Kejìlá ni a bá fẹnu kò sí, n óò tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kí a fi owó aṣọ kan náà yẹn ra kúbùsù. Aṣọ tí a ní nílé tó fún fọ́tò.

Ẹni tí ó bá ní kúbùsù tí kò lò nílé, kí ó jọ̀wọ́ sọ iye rẹ̀ fún mi kí Ọjọ́ Àìkú tó dé. 32 ni a nílò. 11 ni mo ti rí kójọ, mẹ́rin nínú wọn ni mo rà ní ọjà Wuse lánàá.