Tíṣà fi X sí 221

Inú ń bí mi láti àná o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé àṣetiléwá ẹ̀ wá, wọ́n ní kí wọ́n sọ bóyá prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nọ́ńbà kankan ò lè pín láìṣẹ́ku àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀) ni 221, ọmọ ní rárá, 13 lọ́nà 17 ni, tíṣà wá fi báírò pupa fa X gbàgàdà sí i. X! Mo pè é lórí fóònù, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, tí 2, 3, 5 àti 7 ò bá ti lè pín in, prime ni, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn." Mo ní kó fi 13 pín in kí n máa gbọ́, ó ní òun wà ní kíláàsì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n fi tíṣà sílẹ̀, pé mélòó ni wọ́n ń san fún un. Mo ti gbọ́.

Ṣé ẹ mọ Fermat, lọ́yà ará Faransé tó ń fi ìṣirò ṣeré? Ẹ fi 2 sọ 2 di púpọ̀, ó di 4, ẹ fi 4 sọ 4 di púpọ̀, ó di 16, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, látorí 2 yẹn gan-an: 3, 5, 17, 257, 65,537. Prime ni gbogbo wọn. Ní nǹkan bí 1640, bàbá yìí gbà pé bí wọ́n á ṣe máa lọ nìyẹn, tó fi dórí èyí tó kàn, 4,294,967,297. Ẹ fi òfin tíṣà wò ó: 2 ò pín in, 3 ò pín in, 5 ò pín in, 7 náà ò pín in. Ó pàásì! Àfìgbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò, dé ní 1732 tó ní 641 ló pín in, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Nígbà tó yá ló wá ṣàlàyé pé prime tó bá máa pín in, tẹ́ ẹ bá fi 64 pín òun náà, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1. Àwọn tó bá a mu ni 193, 257, 449, 577, ìkarùn-ún ni 641, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fọ́ìsì nóòtù, mo fi ránṣẹ́ sí tíṣà, mo ní 641 lọ́nà 6,700,417 ni, prime sì làwọn méjèèjì. Ó dá mi lóhùn lálẹ́: "Ẹ ṣé sà. 6,700,417 yẹn, ẹ̀yin lẹ pín in wò ni àbí ẹnì kan ló sọ fún yín?"

Háà.

Mo jókòó ti kakulétọ̀ báyìí. Prime tó bá pín 6,700,417 á pín 4,294,967,297 náà, torí náà àwọn tó ń ṣẹ́ku 1 tí wọ́n bá fi 64 pín wọn nìkan ni mò ń dán wò. 641 ò pín in, 769 ò pín in, 1,153 náà ò pín in. Mo gbọ́dọ̀ dán wọn wò títí dé 2,588 ni, torí tí nǹkan tó ju ìyẹn lọ bá pín in, èkejì ẹ̀ á kéré, màá sì ti bá a pàdé lọ́nà. Oorun ti ń kùn mí. Mi ò tíì fèsì.